Àṣírí Ẹni Tí Ń Béèrè

Àwọn àgbà a máa wí pé abèèrè kì í ṣìnà, òótọ́ ni wọ́n sì wí. Ṣùgbọ́n wọn kò ṣàì mọ̀ pẹ̀lú pé ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ènìyàn ti fi ibi tí òun ń lọ han ẹni náà. Ẹni tí ń wá oògùn àrùn kan kiri, ìyàwó tí ń béèrè bí a ti í kọ ọkọ, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń wádìí irú ìyà tí ìjọba fi í jẹ ẹni tí ó bá bú olórí ìlú, olúkúlùkù wọn ti ṣí aṣọ lójú egbò rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dá a lóhùn rárá. Ìdáhùn lè jẹ́ ti gbogbo ayé, ìbéèrè ni ti ẹni tí ó bi í, inú ìbéèrè ni a sì ti í mọ inú ènìyàn.

Nítorí èyí ni àwọn baba wa fi dá ọgbọ́n kan sí ìdí Ifá, tí ẹni tí kò bá farabalẹ̀ lè rò pé àṣà lásán ni. Ẹni tí ó bá tọ babaláwo lọ kì í la ohun tí ó gbé e dé ibẹ̀ yé e. Yóò mú owó, ìbáà ṣe owó ẹyọ ìbáà ṣe owó ìgbàlódé, yóò gbé e súnmọ́ ètè rẹ̀, yóò sọ ohun tí ń dùn ún sí i kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, yóò sì gbé e kalẹ̀. Ọ̀rúnmìlà, ẹlẹ́rìí ìpín, ibìkejì Olódùmarè, ni a gbà pé ó gbọ́ ọ. Awo yóò da ọ̀pẹ̀lẹ̀, yóò ki odù tí ó bá hù, ẹni tí ó wá béèrè ni yóò sì dá ẹsẹ tí ó bá ọ̀ràn tirẹ̀ mu mọ̀. Bí ọba aláṣẹ èkejì òrìṣà tilẹ̀ ránṣẹ́ sí babaláwo náà ní ọjọ́ kejì pé kí ó wá sọ ohun tí lágbájá bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ni yóò rí sọ? Ọ̀rọ̀ tí kò dé etí rẹ̀ kò ṣeé fi ipá gbà ní ẹnu rẹ̀.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé ìtàn tí mo fẹ́ sọ jẹ́ ti àwọn ènìyàn tí wọ́n ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó gbọ́, tí ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 2006, ìròyìn tàn káàkiri ilẹ̀ Amẹ́ríkà pé ìjọba Ààrẹ George W. Bush ti gbé ilé-iṣẹ́ Google lọ sí ilé ẹjọ́, nítorí pé ilé-iṣẹ́ náà kọ̀ láti kó àwọn ìbéèrè tí ará ìlú bi ẹ̀rọ rẹ̀ lé ìjọba lọ́wọ́. Pé ìjọba fẹ́ mọ ohun tí a ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, nítorí kò sí ìjọba tí kì í fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó bà wọ́n lẹ́rù ni pé, títí di ọjọ́ náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rò ó rí pé gbogbo ohun tí wọ́n ń tẹ̀ sínú ẹ̀rọ náà ní òru, nígbà tí ilé bá ti sùn, wà ní ìpamọ́ níbi tí ẹnìkan ti lè bu ọwọ́ kó o.

Ìjà náà ti pẹ́ ju ẹ̀rọ lọ. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1890, agbẹjọ́rò méjì ní ìlú Boston, Samuel Warren àti Louis Brandeis, kọ àròkọ kan sínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn amòfin Yunifásítì Harvard, nínú èyí tí wọ́n ti là á yé àwọn ènìyàn pé ó yẹ kí òfin dáàbò bo ọmọ ènìyàn kí ó lè wà ní àyè ara rẹ̀ láìsí pé ojú kan ń yọ wò ó. Àwọn oníwèé ìròyìn tí ń fi òfófó tajà, àti kámẹ́rà kékeré tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé nígbà náà, ni wọ́n ń bá jà. Ọ̀ràn náà kò tíì di ti ìjọba. Ṣùgbọ́n Brandeis di adájọ́ ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní ọdún 1916, nígbà tí ó sì di ọdún 1928 ẹjọ́ Roy Olmstead dé iwájú rẹ̀, ọkùnrin kan ní ìlú Seattle tí ó ti ṣe ọlọ́pàá rí, tí ó wá di oníṣòwò ọtí ní àkókò tí òfin ka ọtí léèwọ̀. Àwọn aṣojú ìjọba kò wọ ilé rẹ̀; ìta ni wọ́n dúró sí, tí wọ́n so okùn mọ́ okùn tẹlifóònù rẹ̀, tí wọ́n sì ń gbọ́ ọ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án wí pé níwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ̀ ìjọba kò ti kọjá ìloro rẹ̀, a kò tú ilé rẹ̀ wò. Brandeis kò bá wọn fọwọ́ sí i. Ó kìlọ̀ pé ọgbọ́n ẹ̀rọ kò ní dúró sí ibi tẹlifóònù, pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ìjọba yóò lè gbé ohun tí ó wà nínú àpótí ìwé ènìyàn jáde ní kóòtù láìṣe pé ó fi ọwọ́ kan àpótí náà.

Ọdún 39 kọjá kí ilé ẹjọ́ náà tó yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Charles Katz ni ẹni tí ó fà á, ọkùnrin kan ní Los Angeles tí ó máa ń wọ inú àgọ́ tẹlifóònù etí títì láti ta tẹ́tẹ́, tí àwọn ọtẹlẹ̀múyẹ́ FBI sì fi ẹ̀rọ ìgbóhùn sí òrùlé àgọ́ náà. Ní ọdún 1967 àwọn adájọ́ sọ pé ẹni tí ó wọ àgọ́, tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra, tí ó sì san owó ìpè rẹ̀, ní ẹ̀tọ́ láti gbà pé ọ̀rọ̀ òun kò jáde síta, àti pé ènìyàn ni òfin ń bò, kì í ṣe ògiri ilé rẹ̀ nìkan.

Nígbà tí àwọn adájọ́ ń sọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba, nǹkan mìíràn ni àwọn amí ìjọba ń ṣe ní kọ̀rọ̀. Láti ọdún 1945, nígbà tí ogun àgbáyé kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ni àwọn ilé-iṣẹ́ mẹ́ta tí ń bá ènìyàn tẹ wáyà lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, Western Union, RCA àti ITT, ti ń kó ẹ̀dà àwọn wáyà náà fún ìjọba láìsí ìwé àṣẹ adájọ́ kankan. Ọgbọ̀n ọdún ni iṣẹ́ yìí fi ń lọ, orúkọ ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ ni SHAMROCK, ẹni tí ó lọ tẹ wáyà sí ìyá rẹ̀ kò sì mọ̀ pé ẹlòmíràn ti ka ọ̀rọ̀ náà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ìyá. Ní ọdún 1963, Robert Kennedy tí ó jẹ́ Agbẹjọ́rò Àgbà ìjọba fọwọ́ sí i pé kí FBI máa gbọ́ tẹlifóònù Martin Luther King, ajàjàgbara tí àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ náà fi ṣe apata. Nígbà tí ó sì di ọdún 1964, àwọn ọmọ iṣẹ́ J. Edgar Hoover, ọ̀gá àgbà FBI, kó ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nípa King ránṣẹ́ sí i, pẹ̀lú lẹ́tà tí kò ní orúkọ, láti fi dójú tì í. Ẹ wo bí ọ̀ràn náà ti yí padà: wọ́n ní nítorí ààbò ìlú ni àwọn fi ń gbọ́, ìtìjú ènìyàn ni wọ́n fi ohun tí wọ́n gbọ́ ṣe.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Lẹ́yìn tí Ààrẹ Richard Nixon fi ipò sílẹ̀ ní oṣù Ògún ọdún 1974, tí gbogbo ayé sì ti rí ohun tí àwọn amí lè ṣe fún olóṣèlú tí ń bẹ̀rù alátakò, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kan kalẹ̀ ní ọdún 1975, tí Frank Church láti ìpínlẹ̀ Idaho ṣe alága rẹ̀. Ìgbìmọ̀ yìí ni ó tú ọ̀rọ̀ wáyà àti ti King sí ojú ọjọ́, láti inú iṣẹ́ rẹ̀ ni òfin ọdún 1978 sì ti jáde, èyí tí ó pa á láṣẹ pé kí ìjọba kọ́kọ́ lọ sí iwájú kóòtù pàtàkì kan kí ó tó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni ní orílẹ̀-èdè náà ní orúkọ ìṣọ́ àwọn amí òkèèrè.

A lè rò pé ilẹ̀kùn ti tì nígbà náà, ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri yìí sì ti lanu ní ọ̀nà méjì. Ní ọdún 1976 Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé ẹni tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìwé owó rẹ̀ fún báńkì kò lè kùn bí báńkì bá gbé e fún ìjọba. Ní ọdún 1979 wọ́n tún dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ nípa nọ́ńbà tí ènìyàn tẹ̀ lórí tẹlifóònù: ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ti mọ̀ ọ́n, nítorí náà kì í ṣe àṣírí mọ́. Lójú òfin, ohun tí o bá ti sọ fún ẹnìkejì kí ó bá ọ ṣe iṣẹ́ kan, o ti sọ ọ́ fún ọba. Báńkì àti tẹlifóònù ni àwọn adájọ́ ń rò nígbà náà. Kò sí ẹni tí ó rí i pé ìran kan ń bọ̀ tí yóò jẹ́ pé ọwọ́ ẹnìkejì ni gbogbo ọ̀rọ̀ ayé rẹ̀ yóò máa gbà kọjá.

Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti pa àṣírí abèèrè mọ́ gẹ́gẹ́ bí awo, ibẹ̀ náà sì ni ilé ìkàwé. Láti ọdún 1939 ni ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ilé ìkàwé ní Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ sínú ìlànà iṣẹ́ wọn pé ohun tí olùtọ́jú bá mọ̀ nípa ẹni tí ó wá kàwé kò gbọ́dọ̀ jáde ní ẹnu rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọtẹlẹ̀múyẹ́ FBI bẹ̀rẹ̀ sí wọ ilé ìkàwé láti béèrè irú ìwé tí àwọn àlejò láti ilẹ̀ Rọ́ṣíà àti àwọn alájọṣe wọn ń kà, tí aṣọ sì fò lára ọ̀rọ̀ náà ní ọdún 1987, àwọn olùtọ́jú wọ̀nyí fi ariwo ta, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìpínlẹ̀ ni ó sì ní òfin tí ó bo ìwé ilé ìkàwé mọ́lẹ̀. Ọdún 1987 yẹn kan náà ni ẹjọ́ apanilẹ́rìn-ín kan ṣẹlẹ̀. Ààrẹ Ronald Reagan yan Robert Bork sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, ọ̀mọ̀wé òfin tí ó máa ń jiyàn pé ìwé òfin ilẹ̀ kò fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ gbogboogbò sí àṣírí. Oníwèé ìròyìn kan ní Washington sì lọ sí ilé ìtajà fídíò tí Bork ti ń yá sinimá, ó gba orúkọ fídíò 146 tí ìdílé náà ti yá, ó sì tẹ̀ wọ́n jáde. Kò sí ohun ìtìjú kankan níbẹ̀. Síbẹ̀ ara gbogbo àwọn aṣòfin bù máṣọ, nítorí àwọn náà ń yá fídíò. Kí ọdún 1988 tó parí, wọ́n ti ṣe òfin tí ó ka irú rẹ̀ léèwọ̀. Láti inú èyí ni mo ti kọ́ pé olóṣèlú kì í tètè mọ ìyì àṣírí ará ìlú títí iná yóò fi jó dé ẹ̀yìnkùlé tirẹ̀.

Ọdún 1998 ni Larry Page àti Sergey Brin dá Google sílẹ̀ ní California. Ọdún kan náà ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ṣe òfin kan, tí ìkékúrú orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ COPA, láti fi ìyà jẹ àwọn oníṣòwò tí ń gbé àwòrán ìhòòhò sí ibi tí ọmọdé ti lè rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ gbé òfin náà lọ sí kóòtù kí ó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, wọ́n ní yóò di àwọn àgbàlagbà lẹ́nu pẹ̀lú. Bí ẹjọ́ náà ti ń fà nílẹ̀, ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún 2001 dé, ẹ̀rù sì gba ilẹ̀ náà kan. Kò pé oṣù méjì tí Bush fi ọwọ́ sí òfin PATRIOT, èyí tí ó fún àwọn ọtẹlẹ̀múyẹ́ ní agbára láti gba ìwé àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ gbogbo, ilé ìkàwé kò yọ sílẹ̀, kí wọ́n sì fi òfin di ẹni tí ó kó o fún wọn lẹ́nu. Àwọn ilé ìkàwé ní Santa Cruz ní California gbé ìkìlọ̀ sí ojútáyé fún àwọn òǹkàwé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí ya ìwé tí kò wúlò mọ́ sí wẹ́wẹ́ lójoojúmọ́. Ọgbọ́n babaláwo ni wọ́n dá láìmọ̀: wọ́n sọ ara wọn di ẹni tí kò ní ohun tí ọba lè gbà.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2005, ìwé ìròyìn New York Times tú u síta pé, lẹ́yìn ìkọlù náà, Bush ti pàṣẹ fún ilé-iṣẹ́ amí NSA láti máa gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn kan ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú àwọn ará òkèèrè láìgba àṣẹ kóòtù tí òfin ọdún 1978 gbé kalẹ̀. Ààrẹ kò sẹ́. Ó ní ipò òun gẹ́gẹ́ bí olórí ogun fún òun ní àṣẹ. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó gbóná lẹ́nu gbogbo ènìyàn nígbà tí ti Google tún bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù tí ó tẹ̀lé e. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá.

Kí a má purọ́ mọ́ ìjọba, ohun tí ó béèrè lọ́wọ́ Google kì í ṣe orúkọ ènìyàn. Láti oṣù Ògún ọdún 2005 ni ilé-iṣẹ́ ètò ìdájọ́, lábẹ́ Alberto Gonzales, ti kọ ìwé ìpè sí Google, Yahoo, AOL àti MSN, nítorí kí onímọ̀ ìṣirò tí ìjọba gbà lè fi àkọsílẹ̀ wọn wádìí bí àwòrán ìhòòhò ti pọ̀ tó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí a lè fi gbe òfin COPA lẹ́sẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè fẹ̀ ju ojú lọ: gbogbo àdírẹ́sì ojú ìwé tí ó wà nínú ẹ̀rọ Google, àti gbogbo ìbéèrè tí àwọn ènìyàn bi í láàárín oṣù méjì. Àwọn mẹ́ta yòókù kó díẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ní kò sí ohun tí ó lè tọ́ka sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Google nìkan ni ó ní òun kò gbà.

Ọ̀nà tí àwọn ènìyàn gbà gba ìròyìn náà yàtọ̀ síra. Àwọn kan wí pé ẹni tí kò ṣe ibi kò ní ohun tí yóò pamọ́, pé bí ìjọba bá fẹ́ mọ̀ pé àwọn ń wá bí a ti ń se ọbẹ̀, kí ó wá gbọ́. Àwọn òbí kan bínú sí Google, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọmọ àwọn ni a ń sọ, ilé-iṣẹ́ olówó kan sì dúró ń ṣe agídí. Àwọn mìíràn, tí wọn kò fẹ́ràn Bush tẹ́lẹ̀, gbé ọ̀rọ̀ NSA àti ti Google pọ̀ sínú agbọ̀n kan, wọ́n ní ìjọba apàṣẹwàá ti dé. Àwọn kan tún wà tí wọn kò sọ ohunkóhun, ṣùgbọ́n tí wọ́n jókòó sí iwájú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ronú kan gbogbo ohun tí wọ́n ti béèrè láti ọdún mélòó kan, tí ara wọn sì bù máṣọ. Àwọn oníṣòwò ìpín-ìdókòwò náà fi èrò tiwọn hàn: ní ọjọ́ 20 oṣù Ṣẹ́rẹ́, iye ìpín Google já wálẹ̀ ju ìdá 8 nínú 100 lọ.

Ní tèmi, ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n ní àwọn kò ní àṣírí ni kò bá mi lára mu jù lọ. Aṣọ tí a ń wọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé a jalè. Ẹni tí ó ń béèrè nípa àrùn lè jẹ́ dókítà, ó sì lè jẹ́ ìyá aláìsàn. Ẹni tí ó ń béèrè nípa májèlé lè jẹ́ ẹni tí ń kọ ìtàn àròsọ. Ìbéèrè kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró fúnra rẹ̀ sọ ìdí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní agbára ni yóò máa túmọ̀ rẹ̀ bí ó ti wù ú. Ṣùgbọ́n n kò bá àwọn tí wọ́n sọ Google di akọni lọ pẹ̀lú. Nínú ìwé tí ilé-iṣẹ́ náà kó lọ sí kóòtù, ó ṣàlàyé pé àwọn oníbàárà òun kò ní gbẹ́kẹ̀ lé òun mọ́, àti pé àṣírí òwò òun lè tú sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ọjà rẹ̀ ni ó ń ṣọ́. Ní oṣù kan náà ni ó ṣí ẹ̀ka rẹ̀ ní ilẹ̀ Ṣáínà, tí ó sì gbà láti máa fi ohun tí ìjọba ibẹ̀ kò fẹ́ pamọ́ fún àwọn ará ìlú. Nígbà tí ó sì di oṣù Èrèlé, àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà pe Google, Yahoo àti àwọn ẹgbẹ́ wọn jókòó láti bi wọ́n léèrè nípa ìwà wọn ní Ṣáínà. Ní ilẹ̀ yẹn, Yahoo ti kó àkọsílẹ̀ akọ̀ròyìn kan, Shi Tao, fún àwọn ọlọ́pàá, wọ́n sì ti sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá ní ọdún 2005. Ẹni tí ó tọ́jú ọ̀rọ̀ ènìyàn lè kọ ẹ̀bẹ̀ ọba kan lónìí, kí ó sì gba ti ọba mìíràn lọ́la.

Adájọ́ James Ware gbọ́ ẹjọ́ ìjọba àti Google ní San Jose ní ọjọ́ 14 oṣù Ẹrẹ́nà. Kí ó tó di ìgbà náà, ìjọba ti fà sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé àdírẹ́sì 50,000 àti ìbéèrè 5,000 péré ni ó ń béèrè mọ́. Ní ọjọ́ 17, adájọ́ fún ìjọba ní àdírẹ́sì 50,000 náà, ṣùgbọ́n kò fún un ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ó rántí pé àwọn ènìyàn a máa tẹ orúkọ ara wọn sínú ẹ̀rọ náà, wọn a sì máa tẹ nọ́ńbà ìdánimọ̀ wọn, láti wo ohun tí ayé mọ̀ nípa wọn. Òfin COPA tìkára rẹ̀ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni títí tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi kọ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ mọ́ ní ọdún 2009, tí ó sì kú síbẹ̀.

Ẹni tí ó bá rò pé ìdájọ́ yẹn parí ọ̀ràn kò mọ̀ pé lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ní oṣù Ògún ọdún 2006, oṣù márùn-ún péré lẹ́yìn ìdájọ́ náà, AOL fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìbéèrè bí 20 mílíọ̀nù, ti àwọn ènìyàn bí 650,000, sí orí íntánẹ́ẹ̀tì kí àwọn olùwádìí lè lò ó. Kò sí ìjọba kankan tí ó fi ipá mú un. Wọ́n ti yọ orúkọ kúrò, wọ́n fi nọ́ńbà rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ mélòó kan àwọn akọ̀ròyìn New York Times ti tọ ipa ìbéèrè nọ́ńbà kan, àìsàn tí ó béèrè, ìlú tí ó dárúkọ, ẹbí tí ó wá, títí wọ́n fi kan ilẹ̀kùn obìnrin àgbàlagbà kan ní gúúsù Amẹ́ríkà, tí òun náà sì gbà pé òun ni. Ọ̀gá àgbà kan ní AOL fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ohun tí ìjọba ti ń wí láti ìbẹ̀rẹ̀, pé ìbéèrè tí kò ní orúkọ kò lè pa ẹnikẹ́ni lára, di asán lójú gbogbo ènìyàn. Ní ọdún 2007 Google kéde pé lẹ́yìn oṣù 18 sí 24 òun yóò máa pa ohun tí ó so ìbéèrè mọ́ ènìyàn rẹ́, ní ọdún 2008 ó sì sọ ọ́ di oṣù mẹ́sàn-án. Ó dára, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́sàn-án tó fún ọba láti rán oníṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ìgbà.

Ní oṣù Okúdù ọdún 2013 ni Edward Snowden, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 29 tí ó ti bá NSA ṣiṣẹ́, kó ìwé jáde fún àwọn akọ̀ròyìn, tí ayé fi mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ amí náà ń gba àkọsílẹ̀ ìpè tẹlifóònù àwọn ará Amẹ́ríkà ní ọ̀pọ̀ yanturu, àti pé ó ní ètò kan tí ń jẹ́ PRISM tí ó fi ń gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ńláńlá, Google sì wà lára wọn. Ìjọba ti bọ́ sí ọwọ́ Barack Obama àti ẹgbẹ́ òṣèlú kejì nígbà náà. Àwọn kan tí wọ́n ti pariwo mọ́ Bush dákẹ́, àwọn kan tí wọ́n ti gbè é lẹ́yìn sì bẹ̀rẹ̀ sí pariwo. Ohun tí ó tẹ̀lé e wúwo ju ariwo méjèèjì lọ. Olùwádìí kan, Jonathon Penney, fi hàn nínú iṣẹ́ tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 2016 pé lẹ́yìn ìròyìn náà iye ènìyàn tí ń ka àwọn ojú ìwé Wikipedia nípa ọ̀rọ̀ àwọn apániláyà já wálẹ̀. Kò sí òfin tí ó ní kí wọ́n má kà á. Ẹ̀rù ni ó di ọwọ́ wọn mú, ìlú tí àwọn ènìyàn rẹ̀ bá sì ti ń bẹ̀rù láti béèrè ti bẹ̀rẹ̀ sí gọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Òfin ọdún 2015 fòpin sí kíkó àkọsílẹ̀ tẹlifóònù jọ gọbọi, nígbà tí ó sì di ọdún 2018 Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ bẹ̀rẹ̀ sí dí ògiri tí ó ti lanu láti ọdún 1976 díẹ̀díẹ̀: ó ní ìjọba gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kí ó tó lè mọ gbogbo ibi tí fóònù alágbèéká ènìyàn ti gbé e dé.

Ọ̀ràn náà kan àwa pẹ̀lú, nítorí ẹ̀rọ tí ọmọ Yorùbá ń bi ní ìbéèrè ní Ìbàdàn àti ní London kò yàtọ̀ sí èyí tí ará Amẹ́ríkà ń bi. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 37, fi ọwọ́ sọ àyà fún ọmọ ìlú pé àṣírí ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tú. Ní ọjọ́ 12 oṣù Okúdù ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú sì fi ọwọ́ sí òfin tí ó dá àjọ kan sílẹ̀ láti máa ṣọ́ bí àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń lo ọ̀rọ̀ ara ẹni tí a fi síkàáwọ́ wọn. Ó yẹ kí a yin èyí. Ṣùgbọ́n ìtàn tí mo ti sọ yìí fi hàn pé òfin a máa dé lẹ́yìn tí ojú bá ti tì, pé ìjọba tí ó gba agbára nítorí ọ̀tá kì í yára dá a padà nígbà tí ọ̀tá bá lọ, àti pé ìlérí ilé-iṣẹ́ kò lágbára ju adájọ́ tí yóò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ lọ.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn aṣòfin bá tún pé jọ láti sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti wo àkọsílẹ̀ wa, n óò fẹ́ kí àwọn ará ìlú fi ìbéèrè mìíràn ṣáájú rẹ̀: kí ni ó dé tí àkọsílẹ̀ náà fi wà, báwo ni yóò sì ti pẹ́ tó nílẹ̀? Ìwé àṣẹ adájọ́ dára, àjọ alábòójútó sì dára, ṣùgbọ́n adájọ́ a máa yí padà, ìjọba a sì máa lọ kí òmíràn tó dé. Àwọn olùtọ́jú ilé ìkàwé ní Santa Cruz kò ní ohun ìjà kankan ju ẹ̀rọ tí ń ya ìwé lọ, síbẹ̀ nínú gbogbo àwọn tí mo dárúkọ, àwọn ni wọ́n ṣe ohun tí kò sí àṣẹ tí ó lè yí i padà. Kí òfin ní ilẹ̀ gbogbo fi ti wọn ṣe àwòkọ́ṣe, kí ó fi dandan lé e pé ẹni tí ó bá gba ìbéèrè wa kò gbọ́dọ̀ pa á mọ́ kọjá àkókò tí ó fi dá wa lóhùn, àfi bí àwa fúnra wa bá ní kí ó pa á mọ́.